Lẹ́tà Tí Mo Kà fún Ìyá Rábì

Ọjọ́ tí mo ka lẹ́tà Baba Rábì kò lè kúrò lọ́kàn mi. Ní 1955, olùkọ́ ni mí ní Kàbà, mo ń wádìí bí àwọn dókítà ṣe ṣàyẹ̀wò ibà pọ́njú ní Èkó láyé àtijọ́. Baba Rábì ló ń tọ́jú àwọn ọ̀bọ tí wọ́n fi ń dán àìsàn náà wò. Ibẹ̀ ló kú sí. Ìyá Rábì, opó rẹ̀, kò mọ̀wé. Ó kó àwọn lẹ́tà rẹ̀ fún mi, mo sì ń ka ọ̀kan sókè:

"Ara mi gbóná. Ojú mi ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú."

Mo fò sókè. "Mo ti rí i! Àmì ibà pọ́njú nìyí!"

Ìyá Rábì bú sẹ́kún. "Àìsàn ọkọ mi lo ń yọ̀ sí, tíṣà?"

Ojú tì mí, mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, kà á tán. Ṣé ó dárúkọ mi?"

Ó dárúkọ rẹ̀. Mo ka ibẹ̀ lákàtúnkà fún un, n kò sì kọ nǹkan kan sílẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.