Olú Inú Agolo Òyìnbó

A'ùsùbílàhì! Ìdin ni mo ki ọwọ́ bọ̀ láàárọ̀ yìí.

Olú tútù tí mo tu nídìí ọ̀gán, tí mo fẹ́ tẹ́ sórí àjà kí èéfín gbẹ ẹ́, ni ọkọ mi kó sínú agolo tó gbà níbi iṣẹ́, nílé Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó. Láti Jímọ̀ ló ti dé e pinpin.

Ó ní, "Ẹja òyìnbó ń pé ọdún nínú agolo, kì í rà."

Mo ṣí i lónìí, mo figbe ta.

"Bàbá Sàláátù, ẹ wá wò ó!"

Ó wò ó títí. "Olú tìẹ ni ò dáa. Kò sóhun tó ṣe agolo."

Ó da olú nù, ó ṣan agolo, òun ló fi ń mumi báyìí. Ó tún ti fi bu omi tèmi.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, ta ni yóò bá mi mu ún?