Kòtò Kíkẹ́

“Bùọ̀dá, yọ mí.”

Ohun tí Kíkẹ́ sọ kẹ́yìn fún Àkàngbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn, láti inú kòtò iyanrìn ẹ̀yìnkùlé wọn ní Ìwáyà. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Ẹnu rẹ̀ a máa lọ́, ọrùn a yí, ọwọ́ a máa fò kiri bí ẹni ń lé eṣinṣin. Àkàngbé nìkan ló máa ń dúró gbọ́ ọ délẹ̀.

Ọmọ ọdún méje ni Kíkẹ́, kò rìn rí. Ní jòjòló ni ibà pọ́njú mú un, ojú rẹ̀ pọ́n bí àtalẹ̀ pupa. Láti ìgbà náà, ara rẹ̀ kì í sinmi àfi tó bá sùn.

Yẹ̀kínnì, ọmọ ará ilé kejì, ni wọ́n kọ́kọ́ rì mọ́ iyanrìn dé ìbàdí kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè le. Ó sì rìn. Ni ìyá Kíkẹ́ bá ní kí Àkàngbé gbẹ́ ti Kíkẹ́ náà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń gbé e sínú rẹ̀.

Ọkàn Àkàngbé kò balẹ̀. Ó pọ̀n ọ́n lọ ọsibítù. Nọ́ọ̀sì Gertrude ní ọpọlọ ló fara pa, kì í ṣe ẹsẹ̀, oríṣiríṣi ló sì wà. Àwọn kan ń gan bí igi: ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, ó lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ó lè jẹ́ tọwọ́ tẹsẹ̀. Àwọn kan ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Ti Kíkẹ́ ni èyí tí ara ń bá ara rẹ̀ jà. Ti Yẹ̀kínnì kò sí nínú wọn. Òun kàn pẹ́ rìn ni.

“Bí ẹ bá há a mọ́lẹ̀, ẹ kàn ń dá a lóró ni.”

Àkàngbé rò ó fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ́rìn-ín.

“Ṣé ojú rẹ kọ́ ni Yẹ̀kínnì ṣe ń lé ewúrẹ́ mi kiri?”

“Màmá, tiwọn ò jọra.”

“Ẹsẹ̀ lẹsẹ̀ ń jẹ́.”

Ọyẹ́ mú lọ́dún náà, ọdún tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba ọwọ́ ọ̀tún. Kíkẹ́ ti ń wúkọ́. Iyanrìn tutù bí omi inú àmù. Nígbà tó ní kí wọ́n yọ òun, Àkàngbé yọ ọ́. Ara rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ kò fò mọ́. Ìyá wò ó, inú rẹ̀ dùn, ó ní iyanrìn ti ń ṣiṣẹ́.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Kíkẹ́ ti lọ.

Láti ọjọ́ náà ni etí kòtò ti ń ya díẹ̀díẹ̀, bíi pé ẹnìkan ń fi ẹsẹ̀ ta á láti inú. Ìyá kì í dé ẹ̀yìnkùlé mọ́. Aṣọ tí wọ́n sá síbẹ̀, Àkàngbé ló ń lọ ká a.

Lọ́jọ́ kan tí ìyá lọ sọ́jà, Àkàngbé mú ṣọ́bìrì. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sínú kòtò, ó dúró bẹ́ẹ̀. Ó wá dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí da iyanrìn sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.