Ohun Tí Afí Kọ Sára Pátákó Bọ́ọ̀lù

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, mo ń bó ẹ̀pà ní àgbàlá mi ní Atakpamé, rédíò ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù ṣàdédé yà kúrò lórí eré, ó ní ọ̀nà tó lọ sí ìlú Moretan bàjẹ́ débi pé ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹwòran fi rìn dé pápá. Ọmọ ọmọ mi pòṣé. "Ìyá àgbà, ṣebí bọ́ọ̀lù ló yẹ kó sọ!" Ẹ̀rín pa mí, torí pé Afí, ọ̀rẹ́ mi nígbà èwe, ló wá sí mi lọ́kàn.

Abúlé Akparé ni èmi àti Afí ti dàgbà, ilé wa fara kan ara. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá rẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kì í gbójú sókè wo àgbà. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, Mésìyè, ọ̀gá ilé ìwé wa, gbé pátákó dúdú kan kọ́ fún ìròyìn bọ́ọ̀lù. Afí ni wọ́n fún ní ṣọ́ọ̀kì, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Faransé ló fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí àwọn ará oko bá ti dúró pẹ̀lú ẹrù lórí, yóò kà á fún wọn ní èdè Ifẹ̀ tiwa, pẹ̀lú orin tí àwọn obìnrin kọ àti ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ ya lórí pápá.

Lọ́dún kan, àwọn agbábọ́ọ̀lù ìlú Glei wá nà wá mọ́lé. Oòrùn mú gan-an, pọ́ǹpù omi ẹ̀gbẹ́ pápá sì ti bàjẹ́ láti ìgbà tí a ti ń kọ ebè. Gbogbo ìgbà tí a bá béèrè, olóyè ìlú á ní, "Ó di ọ̀la." Kòkú, aṣọ́lé wa, dákú níwájú ilé rẹ̀, bọ́ọ̀lù sì yí gẹ̀rẹ̀ wọlé.

Afí kọ ọ́ báyìí: "Òǹgbẹ ló gbá góòlù àkọ́kọ́ sínú ilé wa. Ní ti Ọ̀la, agbábọ́ọ̀lù tí olóyè wa ṣèlérí, ó ṣì jókòó sórí bẹ́ǹṣì."

Mésìyè kígbe mọ́ ọn. "Ta ló rán ọ níṣẹ́ òṣèlú? Bọ́ọ̀lù ni kó o kọ!"

"Mésìyè, bí mo bá yọ òǹgbẹ kúrò, wọ́n á ní Kòkú ò mọ̀ ọ́n ṣọ́."

Ó ní kó nù ún, Afí ò nù ún. Ó ní òun á lé e kúrò nílé ìwé. Bàbá rẹ̀ sáré dé láti oko, ó dọ̀bálẹ̀ fún Mésìyè pẹ̀lú amọ̀ lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni olóyè fúnra rẹ̀ bá wa, tìyàwótìyàwó, torí ọ̀rọ̀ náà ti dé ọjà.

"Kà á fún mi," ló wí.

Afí kà á tán. Àfi bí ìyálé olóyè ṣe bú sẹ́rìn-ín, tó di ìbàdí mú: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí Ọ̀la wọlé o!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Olóyè gbìyànjú láti fajú ro, kò ṣeé ṣe. Ó ní kí Afí máa kọ ọ́ lọ.

Kí a tó tún bá Glei pàdé, omi ti ń ya yàà ní pọ́ǹpù. A nà wọ́n, a gbé Kòkú sí èjìká, a gbé Afí náà, tòun ti ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ń jó níwájú, ó gbé ojú rẹ̀ sókè gedegbe.

Afí ti kúrò láyé, wọ́n ti gé igi máńgòrò yẹn, fóònù làwọn ọmọ sì fi ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù báyìí. Ṣùgbọ́n ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ló ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní ìlú, wọ́n ní olóyè, òǹgbẹ sì ń gbẹ wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ ròyìn eré wọn ní kíkún, kó kọ gbogbo rẹ̀, kó sì pa wá lẹ́rìn-ín.