Ègé Igbá Tí Ẹnikẹ́ni Kò Dá

Òórùn amọ̀ tútù ni ó máa ń kọ́kọ́ padà wá bá mi, òórùn ògiri tuntun tí òjò òwúrọ̀ ti rin gbingbin, tí ó dà pọ̀ mọ́ òórùn ẹja gbígbẹ tí kì í kúrò lára aṣọ ìyá mi bí ó ti wù kí ó fọ̀ ọ́ tó. Bí òórùn méjèèjì bá pàdé ní imú mi, ì báà jẹ́ láàárín ọjà, ara mi a le. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ti kú tán, wọ́n sì ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú ní búburú. Nígbà tí ìyá mi náà kú, n kò gbọ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní rere. Nítorí náà, n óò sọ ohun tí ojú mi rí.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni a wà, ní ìhà Atikori, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun tí àwọn òyìnbó fi ṣí ọ̀nà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Wọ́n ti kéde pé kò gbọdọ̀ sí ẹrú mọ́. Ìkéde náà dé ọjà, ó dé ẹnubodè, ṣùgbọ́n kò wọ inú ilé. Ìyá mi kò tilẹ̀ dúró dè é. Ọmọ kékeré ni wọ́n tà á sí ilé kan ní Atikori, kò sì rántí ohunkóhun nípa ibi tí wọ́n ti gbé e wá àfi òkè kan tí ẹyẹ funfun máa ń bà lé. Obìnrin tí ó rà á ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ńlá. Ìyá mi sìn ín títí ó fi dàgbà, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Efire létí ọ̀sà, ó ń ra ẹja lọ́wọ́ àwọn apẹja, ó ń yan án, ó ń rù ú wá tà. Òwò ẹja yìí ni ó fi ra ara rẹ̀ padà. Ó kọ́ ilé kékeré kan sí ẹ̀bá ọgbà obìnrin Mùsùlùmí kan tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ àlùfáà, ibẹ̀ ni ó sì bí mi sí. Apẹja ará Efire ni bàbá mi. Ó ti bá omi lọ kí n tó gbọ́n, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ní àwọn kò mọ ọmọ ẹrú kankan rí.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì rán tíṣà kan wá láti Èkó tí ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, ìyá mi mú mi lọ bá a ní ọjọ́ kejì. Àwọn ènìyàn ń fi Yorùbá tíṣà ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó fi iyùn há ẹnu. Èmi ní tèmi fẹ́ràn rẹ̀ débi pé kò pẹ́ tí mo fi ń sọ ọ́ nílé, tí mo ń tún ọ̀rọ̀ ìyá mi ṣe bí ẹni pé wọ́n ti fi mí jẹ oyè. Mo rò nígbà náà pé ẹni tí ó bá ti mọ ìwé kà, ayé yóò dìde fún un, yóò sì dìde fún ìyá rẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọdé ni mí. Ilé-ìwé kò ì tíì kọ́ mi ní nǹkan kan.

Tíṣà ni ó mú eré dé ìlú wa, eré orí pèpéle tí a ń san owó kí a tó wò. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ni wọ́n fẹ́ ṣe é sí. Ìyá Ńlá ni ó fi pákó ta wọ́n lọ́rẹ láti fi kan bẹ́ńṣì. Nítorí pé àwọn tí ó mọ ìwé kà kò pọ̀, tíṣà kò kọ tíkẹ́ẹ̀tì sórí páálí. Ó ní kí káfíńtà gé igbá ní ègé pẹlẹbẹ, kí ó fi irin gbígbóná sàmì sí i: àmì kan fún iwájú, méjì fún àárín, mẹ́ta fún ẹ̀yìn. Ègé tí àmì rẹ̀ wà ní etí òsì, apá òsì gbọ̀ngàn ni olówó rẹ̀ yóò jókòó. Ti ọ̀tún fún apá ọ̀tún. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà, wọn yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ, wọn yóò dá a sí méjì, o ti wọlé nìyẹn. Wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà na ègé kan náà láti ojú fèrèsé sí ẹlòmíràn. Ará Ìjẹ̀bú ni wá; tíṣà ti mọ̀ wá.

Eré ọmọ tí ó sọnù lọ́jà ni. Tíṣà fúnra rẹ̀ ni ó ro ó jọ. Àwa ọmọ ilé-ìwé yóò sọnù, a óò sunkún, a óò kọrin, àwọn ọlọ́jà yóò sì máa bi wá léèrè ibi tí a ti wá. Ní ìparí, tíṣà yóò mú wa wá síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó jókòó pé, “Ọmọ ta ni?” Ìyá olúkúlùkù yóò dìde níbi tí ó wà, yóò dáhùn pé, “Ọmọ mi ni,” ọmọ yóò sì lọ bá a.

Gbogbo ohun tí ìyá mi fẹ́ nínú eré náà kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn lọ. Òun tí wọ́n ti ń pè ní ará ilé ẹlòmíràn láti kékeré, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ọmọ ẹni tí òun í ṣe, yóò dìde níwájú Ìjẹ̀bú-Igbó, yóò wí pé òun ni òun bí mi. Ègé igbá alámì kan, ti apá òsì, ni ó rà, nítorí pé apá òsì pèpéle ni tíṣà ní kí n dúró sí. Mo bá a lọ sí Efire ní ọ̀sẹ̀ náà. Bí a ti ń bọ̀, tí agbọ̀n ẹja wà lórí rẹ̀, mo ń gbọ́ ọ níwájú mi: “Ọmọ mi ni. Ọmọ mi ni.” Nígbà mìíràn ó ń sọ ọ́ kíkankíkan, nígbà mìíràn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tí ń dán aṣọ wò. Mo sọ fún un pé kí ó má fi ohùn Ìjẹ̀bú sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ní ohùn mìíràn.

Òjò rọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn ya wá, títí kan àwọn ará Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn ti apá ọ̀tún ti wọlé, wọ́n ti dá igbá wọn, nígbà tí káfíńtà fi ọwọ́ kan ògiri apá òsì, tí ó sì ní ó ti mu omi, pé òrùlé ń tẹ̀ ẹ́, pé kí ẹnikẹ́ni má jókòó sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ta okùn dí ẹ̀gbẹ́ náà. Tíṣà jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó bẹ àwọn onítíkẹ́ẹ̀tì òsì. Ó ní kí wọ́n tọ́jú ègé igbá wọn, wọn kò ní í dá a. Bí ògiri bá gbẹ, a óò tún eré náà ṣe ní ọjọ́ mìíràn, wọn yóò sì jókòó síbi tí wọ́n sanwó fún. Ní ti ọjọ́ náà, kí olúkúlùkù lọ jókòó ti àwọn ará ilé rẹ̀ ní apá ọ̀tún, kí wọ́n sún fún un.

Ẹ wo irú ìdájọ́ yẹn. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ti rí àyè tán. Ọkùnrin lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ìyàwó lọ bá ìyálé rẹ̀, kódà àwọn tí wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀ nílé sún fún ara wọn. Láti ẹ̀yìn aṣọ tí a ta sí pèpéle, mo yọjú wò. Ìyá mi nìkan ni ó kù ní ìdúró láàárín gbọ̀ngàn, ègé igbá lọ́wọ́ rẹ̀.

Aya àlùfáà, aládùúgbò wa, ju ọwọ́ sí i láti bẹ́ńṣì kejì. “Wá jókòó tì mí. Ọgbà kan ló pín ilé wa.”

Ìyá Ńlá wà ní bẹ́ńṣì iwájú pátápátá. Kò yíjú. “Ìyá Àlùfáà, ṣé o ti di onígbàgbọ́ ni, tí o fi ń pín àga ní ṣọ́ọ̀ṣì?”

“Owó ni mo fi wọlé, n kò ṣe ìrìbọmi.”

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ìyá Ńlá náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wí fún tíṣà pé, “Má wulẹ̀ wá ibì kan fún un. Ará ilé mi ni.” Ó sì fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ilẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ìwọ ọmọ yìí, wá jókòó síbi tí o máa ń jókòó.”

Tíṣà mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé àlejò ni, pé kò mọ̀. Ọjọ́ tí ìyá mi mú mi lọ bá a ni ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí ó ti sìn àti bí ó ti bọ́. Ó wo bẹ́ńṣì tí Ìyá Ńlá fi pákó rẹ̀ kàn, ó wo ìyá mi. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ẹ bá wọn jókòó, kí eré lè bẹ̀rẹ̀.” Ìyá mi ká ìró rẹ̀ mọ́ orúnkún, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ obìnrin tí ó ti ra ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

A ṣe eré. Wọ́n ní mo sunkún dáadáa ju gbogbo àwọn yòókù lọ. Ní ìparí, tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, àwọn ìyá sì ń dìde, inú gbogbo ènìyàn ń dùn. Èmi ni ó mú wá kẹ́yìn.

“Ọmọ ta ni?”

Mo rí i tí ìyá mi fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ láti dìde. Mo rí i tí Ìyá Ńlá gbé ọwọ́ lé e léjìká, kì í ṣe pẹ̀lú agbára, bí a ti ń gbé ọwọ́ lé apá àga. Ìyá Ńlá fúnra rẹ̀ kò dìde. Níbi tí ó jókòó sí ni ó ti dáhùn.

“Ọmọ ilé mi ni.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí gbọ̀ngàn fi ń dún. Tíṣà tẹrí ba fún un. Mo wo ìyá mi, òun náà ń pàtẹ́wọ́.

A forí lé ọ̀nà ilé. Ìyá mi ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, “Tíṣà ní ọjọ́ mìíràn ń bọ̀,” ó sì so ègé igbá náà mọ́ etí ìró rẹ̀. Ògiri gbẹ. Kò wó lọ́jọ́ náà, kò wó lọ́dún náà, ó ṣì wà ní ìdúró nígbà tí mo lọ sí ilé ọkọ. Ìyá mi a máa kọjá níwájú gbọ̀ngàn, a máa béèrè ọjọ́ eré. Nígbà tí ó yá, wọ́n gbé tíṣà lọ sí ìlú mìíràn; èyí tí ó rọ́pò rẹ̀ ní eré kò yẹ ọmọlúàbí, ó ń kó àgbàdo ìkórè sínú gbọ̀ngàn náà. Ìyá mi ò béèrè mọ́. Mo tún bá a lọ sí Efire lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n n kò tún gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn níwájú mi lójú ọ̀nà. Nígbà tí èmi náà di tíṣà tí mo kọ́ ilé, tí mo ra àga onítìmùtìmù fún un, ilẹ̀ ni ó ń jókòó sí. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun lórí àga.

Nígbà tí ó kú, ilé Ìyá Ńlá wá gbé e. Mo jà, mo fi ìwé jà, mo fi òfin òyìnbó jà. Àwọn àgbà ìlú gbọ́ mi tán pẹ̀lú sùúrù, wọ́n wá bi mí ní ohun kan ṣoṣo: bí kì í bá ṣe òkú ilé náà, òkú ilé wo ni? Àwọn baba wa ní ibi tí a gbé bí ẹrú náà ni a gbé bí ọmọ. Mo sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n ní òwe náà dára. Wọ́n sin ín sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí.

Ní àìpẹ́ yìí, ọmọ ọmọ Ìyá Ńlá wá kí mi. Ọmọ tí ó kúnlẹ̀ dáadáa ni, kò mọ nǹkan kan. Wọ́n fẹ́ ṣí gbọ̀ngàn tuntun, wọ́n sì fẹ́ kí n jókòó níwájú, gẹ́gẹ́ bí obìnrin àkọ́kọ́ tí ó mọ ìwé kà nínú ilé wọn. “Iwájú gan-an, Ìyá,” ó ní, “pẹ̀lú gbogbo ìdílé wa.” Ó rí ègé igbá tí mo tú kúrò létí ìró ìyá mi nígbà tí ó kú, lórí tábìlì mi, ó yí i wò, ó ní kí ni a fi ń ṣe. Mo ní iyọ̀ ni mo fi ń bù. Ó gbé e sílẹ̀.

Àwọn ọmọ mi ti ṣáájú mi lọ. Mo mọ ẹni tí yóò wá gbé mi, mo mọ ohun tí wọn yóò béèrè, mo sì mọ ẹni tí yóò dáhùn láìdìde lórí àga. Mo ti gbé ègé igbá náà sínú àpótí aṣọ ìsìnkú mi, àmọ́ n kò retí pé ẹnikẹ́ni yóò mọ ohun tí ó jẹ́. Àmì kan ṣoṣo ni ó wà ní etí òsì rẹ̀. Ó pé pérépéré síbẹ̀, nítorí ẹni tí ó rà á kò tíì wọlé.