Ẹ̀rọ Tí Ọ̀rẹ́ Mi Fúnra Rẹ̀ Yàn

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kàwé ní yunifásítì pè mí wá sí Mowe, kí n wá wo ẹ̀rọ ẹ́síréè tuntun, irú èyí tí a fi ń mọ ohun tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀, tí ibiṣẹ́ wọn ní kó fúnra rẹ̀ yàn. Èyí tó ti gbó lèmi ń lò níbi iṣẹ́ tèmi ní Ifọ. Bàbà ló ń mú ìtànṣán tèmi jáde, irin inú iyẹ̀pẹ̀ pupa sì máa ń da àwòrán rẹ̀ rú.

Ó gba iyẹ̀pẹ̀ tí mo ti lọ̀ kúnná lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Kóbáàtì ni mo yàn dípò bàbà. Irin kì í yọ ọ́ lẹ́nu."

Gbogbo ìlà inú àwòrán náà yọ kedere. Mo ní, "O kú oríire," ṣùgbọ́n ìlara ń jẹ mí nínú. Ta ló bi èmi rí pé èwo ni mo fẹ́?

Mo ti dé Ibafo nígbà tó pè mí lórí fóònù. Mo ń wo fóònù náà láìgbé e títí tó fi dákẹ́.