Orúkọ Ìyá Àgbà Nínú Ìgò Aláǹtakùn

Olùkọ́ bàólójì wa ní kí a kó aláǹtakùn jọ láti inú ilé àti oko tó yí wa ká ní Adó-Èkìtì. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń fi sípírítì pa á mọ́ kí ó má baà jẹrà, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé aláǹtakùn tí kò ní àkọsílẹ̀ ibi tí a ti mú un kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Pẹ́ńsùlù ni kí a fi kọ ọ́, nítorí sípírítì a máa fọ bírò dànù. Kí a sì ti bébà náà bọ inú ìgò.

Ìyá àgbà tó múlé tì wá gbà mí láyè láti mú èyí tó tóbi jù, lára ògiri ilé ìdáná wọn. Wọ́n tiẹ̀ bá mi gbé àtùpà. Nítorí mo fẹ́ kí iṣẹ́ mi pé, mo kọ orúkọ àbísọ wọn, tí ẹnikẹ́ni kì í pè ládùúgbò, sórí bébà náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ibi tí mo ti mú un. Mo tì í bọ inú ìgò, mo sì gbé ìgò náà sójú fèrèsé wa.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà wá tọrọ ìṣáná. Kíláàsì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn ni wọ́n ti kọ́ ìwé kíkà, kò sì sí ohun tó ní lẹ́tà lára tí wọ́n lè kọjá láìkà. Mo rí i tí ètè wọn ń mì níwájú ìgò náà. Lẹ́yìn náà, ètè náà dúró.

"Ìyàwó," wọ́n pe ìyá mi, "kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Ìyá mi sáré wọlé, wọ́n wo ìgò náà, wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọdé ni!" Wọ́n yíjú sí mi. "Orúkọ ènìyàn, nínú ìgò, pẹ̀lú òkú aláǹtakùn?"

"Bàólójì ni, mà," ni mo wí.

"Bàólójì ló ní kí o rì mí sínú ọtí?" ni ìyá àgbà bi mí.

Sípírítì ni, kì í ṣe ọtí: ìdáhùn yìí ti dé ẹnu mi kí n tó gbé e mì. Ta ni kò mọ ohun tí ó túmọ̀ sí nílẹ̀ wa, kí a kọ orúkọ ènìyàn kí a sì dé e mọ́ inú ìgò pẹ̀lú òkú nǹkan? Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo kàn rò pé, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ iṣẹ́ ilé-ìwé, ọ̀ràn náà kò kàn mí.

Mo fi ẹ̀mú kékeré fa bébà náà jáde. Ìyá àgbà gbà á ní tútù, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn. Wọn kò mú ìṣáná náà mọ́.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún wọn ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ àlàyé mi, kí n dìde. Ohùn wọn tutù, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbá òwú aláǹtakùn kúrò lára ògiri ilé ìdáná, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo na ọwọ́ láti gba ìgbálẹ̀ náà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò fún mi.