Ọjọ́ tí yunifásítì méjì sin kajú Bàbá mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí fún yín kí ẹ̀rín tó pa mí!

Lánàá, ní kọlẹ́ẹ̀jì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Bassila, àwọn olùkọ́ kékeré méjì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà níwájú mi. Kí ni wọ́n ń jà sí? Ọ̀kan ní àwọn tó jáde ní yunifásítì òkè lọ́hùn-ún, níhà àríwá, mọ̀wé ju àwọn ti etí òkun lọ. Èkejì fọwọ́ lu tábìlì, ó ní irọ́ ni, pé àwọn ti òkè kò mọ̀ ju kí wọ́n há ìwé sórí lọ. Mi ò ní dárúkọ yunifásítì méjèèjì o, kí wọ́n má baà pè mí lẹ́jọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, ẹ ti mọ̀ wọ́n.

Wọ́n yíjú sí mi pé kí n dá ẹjọ́ náà. Ẹ̀rín ni mo bú sí. Mo rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú mi, omi náà kì í sì í ṣe ti ẹ̀rín nìkan. Ọkàn mi ti lọ sí Manigri ìlú wa, sí oko Bàbá mi, lọ́dún tí àbúrò mi Ríkíà yege bákì, ìdánwò tí a fi ń wọ yunifásítì.

Ẹ ò mọ bí fàkáǹsì, ìsinmi ilé ìwé, ṣe máa ń dùn ní Manigri nígbà yẹn! Àwa tí a lọ yunifásítì kò pọ̀, nítorí náà bí a bá ti dé, gbogbo ìlú ló ń gbọ́. Lẹ́yìn ìrun àásárì, a ó kóra jọ sábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa, a ó máa jẹ iṣu sísun pẹ̀lú wàrà tí a rà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, a ó sì máa jiyàn. Èmi ni agbẹnusọ òkè. Lúkúmánù, ọmọ àbúrò bàbá mi, tí ọjọ́ orí wa bára dọ́gba, ni agbẹnusọ etí òkun. Ẹnu Lúkúmánù! Bí ẹni tó ń polówó oògùn lójú ọjà ni. Ó ní ọ̀dọ̀ àwọn ni ojúlówó ọ̀jọ̀gbọ́n wà, pé ẹni tí ìwé etí òkun bá ti le jù fún ló ń sá wá sí òkè.

Ṣé èmi náà á wá dákẹ́? Mo ní ìwé wo lèèyàn fẹ́ kà níbi tí èrò kún kíláàsì dé ẹnu ọ̀nà, tí ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí pátákó? Mo ní ní ọ̀dọ̀ tiwa, ọ̀jọ̀gbọ́n mọ̀ ọ́ lórúkọ! Bí a bá sì bú ara wa tán, inú abọ́ kan náà la ó tún jọ máa tọwọ́ bọ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́dún yẹn, àwàdà náà di ọ̀rọ̀ gidi, torí Ríkíà. Ó ti yege, ó wá ku ibi tí yóò lọ. Èmi fẹ́ kó wá bá mi ní òkè, ká jọ máa gbé yàrá kan. Lúkúmánù ní kí n má fi ọpọlọ ọmọ náà ṣòfò, pé etí òkun ló tọ́ sí i. Bàbá, tó jẹ́ pé iṣu àti kajú ló fi tọ́ gbogbo wa, kò mọ ẹni tí òun ì bá gbà gbọ́ nínú wa. Ó gbọ́ tiwa títí, ó sú u.

Ni ó bá ní òun fẹ́ bẹ ọ̀wẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Kí gbogbo wa wá bá òun kọ ebè ní oko tó wà lọ́nà Doguè. Kí a pín ara wa bí a ṣe máa ń pín ara wa lábẹ́ máńgòrò. Ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ wọn bá fi hàn pé orí wọn pé jù, àwọn ni òun ó fa Ríkíà lé lọ́wọ́.

Ẹ gbọ́ nǹkan! Ọmọ yunifásítì, ebè ni wọ́n fẹ́ fi wọn ọgbọ́n wa!

Ṣé ẹ rò pé a kọ̀ ọ́? Lọ́jọ́ Sátidé, oòrùn ò tíì yọ tí a ti wà lóko. Bàbá fi ààlà hàn wá, ó sì sáré lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Bassila, ó ní òun ń padà bọ̀. Ẹgbẹ́ òkè mú apá ọ̀tún, ẹgbẹ́ etí òkun mú apá òsì. Ọkọ́ ń lọ, ẹnu ń lọ! A tiẹ̀ ṣòfin: ẹgbẹ́ tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè, wọn yóò bá ẹgbẹ́ kejì kọ ebè kan. Lúkúmánù bi mí léèrè nípa òfin ilẹ̀, mo dáhùn. Èmi náà fún un ní ìṣirò kan, ó fara ti ọkọ́, ó ń ka ìka. "Ebè kan!" ni ẹgbẹ́ wa pariwo. Yéè, a gbádùn ara wa lọ́jọ́ yẹn!

Àwọn ọ̀pá kéékèèké kan wà káàkiri inú koríko, wọ́n ń dí wa lọ́wọ́. A ń fà wọ́n tu, a ń sọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ta ló ráyè béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀?

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Ríkíà gbé oúnjẹ dé. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó wo oko, ó tún un wò. Ló bá ká ọwọ́ lérí.

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọ̀pá ńkọ́?"

Ọ̀pá wo? Ó wá ṣàlàyé. Pé òun àti Bàbá ló gbin kajú sí oko yẹn nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Pé ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ni ọmọ kajú kan wà. Pé àárín wọn ni Bàbá fẹ́ kí a kọ ebè sí.

Háà! Ta ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Manigri? Láti kékeré la ti ń rí i: ilẹ̀ kan náà ni iṣu àti kajú, bí a ti ń jẹ iṣu ni kajú ń dàgbà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kajú tí Bàbá gbìn nígbà tí mo wà ní kékeré ló fi rán mi níwèé! Iyàn ni kò jẹ́ ká ronú. Òkè o, etí òkun o, a jọ pawọ́ pọ̀ sin kajú Bàbá láàyè.

Ibi tí a ti ń wo ara wa lójú ni Bàbá dé sí. Ó rìn yí oko náà ká, kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn fún wa. Ó kàn ní bó bá jẹ́ bí yunifásítì méjèèjì ṣe ń sọ ọmọ dà nìyí, Ríkíà kò lọ sí ìkankan. Kó jókòó ti òun sílé. Ó yí ẹ̀yìn padà, ó lọ jókòó sídìí igi irú ní ìkángun oko.

Ríkíà sunkún! Ọmọ tó yege, tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, àwa la fi iyàn wa ba tirẹ̀ jẹ́. Ó dùn mí dé ọkàn.

Òun náà ló kọ́kọ́ dìde. Ó fi etí ìró nu ojú, ó wo ọ̀gangan ibi tí igi ńláńlá tó yí oko ká wà, ó fi wọ́n mọ ibi tí òun àti Bàbá gbin kajú sí, ó ní kí a tú ebè kan. Ọwọ́ ni kí a fi tú u, kì í ṣe ọkọ́. Èmi àti Lúkúmánù kúnlẹ̀ sídìí ebè kan náà, a ń fi ìka wa ilẹ̀. Nígbà tó yá, ewé kan yọ. Ó ti rọ, ó ti tẹ̀, ṣùgbọ́n kò kú! Ariwo tí a pa, bí ẹni pé wọ́n bímọ ni. A wá pín ara wa káàkiri, Ríkíà ń tọ́ka, a ń tú u. Àwọn kan ti ṣẹ́, kò sí ohun tí a lè ṣe sí wọn. Àwọn tó pọ̀ là á já.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Bàbá rìn wá bá wa. Gbogbo wa dọ̀tí, a ti dàpọ̀, èèyàn ò lè mọ ti òkè yàtọ̀ sí ti etí òkun. Ó wò wá títí, ó wá kọjú sí Ríkíà.

"Ìwọ ńkọ́? Níbo ni ìwọ fẹ́ lọ?"

Ẹ gbà mí! Gbogbo ariwo abẹ́ máńgòrò yẹn, ẹnì kan nínú wa kò bi í rí.

Ríkíà ní etí òkun ni. Lúkúmánù fò sókè, Ríkíà ní kó fara balẹ̀, pé kì í ṣe tìtorí pé wọ́n mọ̀wé ju ẹnikẹ́ni. Ó wá wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bí mo bá bá yín lọ, àbúrò yín ni wọn ó máa pè mí. Mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí lórúkọ mi."

Ó dùn mí, n kò ní purọ́. Mo ti tún yàrá náà ṣe fún un lọ́kàn mi. Bàbá ní ó dáa, kó máa lọ, ṣùgbọ́n kó tó lọ, kó bá òun kọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wọ̀nyí ní bí wọ́n ṣe ń kọ ebè. Òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Bàbá ti jẹ́ ìpè Ọlọ́run. Àwọn kajú yẹn ti di igi ńlá, ìdí àwọn kan sì ṣì tẹ̀ láti ọjọ́ náà. Bí àsìkò bá tó, èmi àti Lúkúmánù a jọ máa ṣà wọ́n, a ṣì ń jiyàn. Nígbà mìíràn mo máa ń dákẹ́ bí ẹni pé Bàbá fẹ́ bá wa wí láti ìdí igi irú. Ohùn yẹn ń wù mí í gbọ́.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún àwọn olùkọ́ kékeré méjèèjì. Ọ̀kan tún ní, ó dáa, Madámù, èwo ló wá dára jù? Ẹ wo orí kunkun!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí lónìí gan-an. Ní àárọ̀ yìí, Ríkíà pè mí láti etí òkun. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti yege bákì. Mo kí i títí, mo ní etí òkun ni yóò lọ, àbí? Ríkíà mí kanlẹ̀. Ó ní ọmọ náà ní òkè lòun ń bọ̀. Ọmọ náà ní gbogbo ibi tí òun bá yà sí ní etí òkun, ọmọ Ríkíà ni wọ́n ń pe òun.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ríkíà ò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló béèrè bóyá yàrá tí mo tún ṣe lọ́kàn mi nígbà náà ṣì wà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó jà sí ibi tí ọmọ yóò lọ kàwé, ẹ bi ọmọ náà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló yan ilé ìwé fún yín, ṣé wọ́n sì bi yín? Ẹ sọ tiyín fún mi nísàlẹ̀ níbí, mo ń kà á. Lúkúmánù, mo mọ̀ pé ìwọ náà ń ka eléyìí: ó ku ebè kan tí o jẹ mí!